Ojú Ìpàdé Ló Ń Jò: Bí A Ṣe Ń Fi Táìlì Amọ̀ Kún Òrùlé Àtijọ́ ní Bonapriso

Òjò Douala kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, òjò ọdún kan gbáko kì í sábà ju nǹkan bíi 1,300 mílímítà lọ. Ti Èkó wà láàárín 1,500 sí 1,800. Ti Douala lé ní 3,500. Bí ẹ bá sì kọjá lọ sí ẹsẹ̀ Òkè Cameroon, ní Debundscha, ẹ ó bá òjò tó ń sún mọ́ 10,000 mílímítà lọ́dún, ọ̀kan lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù ní gbogbo ayé. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi yàrá méjì kún ilé òun ní Bonapriso, tó sì fẹ́ kí òrùlé tuntun jẹ́ táìlì amọ̀ bíi ti àtijọ́, kí ó tó béèrè iye owó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi máa gbà kọjá.

Bonapriso wà ní gúúsù Bonanjo, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Douala Kìíní, kò sì jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú. Ní èdè Duala, "Bona" túmọ̀ sí ìran ẹnìkan: Bonapriso ni àwọn ọmọ Priso, bí àwa náà ṣe ń fi orúkọ baba ńlá pe agbo ilé. Àdúgbò ilé ńláńlá ni lónìí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wọ́n gan-an. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ ẹni tó nílé níbẹ̀ fi ń ronú àtifẹ ilé tó wà nílẹ̀ dípò kí wọ́n ra ilẹ̀ mìíràn. Kíkọ́ ògiri àfikún kì í le. Birikìlà tó mọṣẹ́ yóò gbé e dúró láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibi tí òrùlé tuntun ti pàdé òrùlé àtijọ́ ni ẹjọ́ wà. Mo ti wo òrùlé tó ń jò tó pọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n rí èyí tó jò láàárín gbùngbùn níbi tí táìlì to ara wọn dáadáa. Ojú ìpàdé ni omi máa ń wá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí táìlì amọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń dí omi bí ìgò ṣe ń dí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ tí iná ti jẹ ni, irú ohun kan náà tí wọ́n fi mọ ìkòkò àmù wa. Bí ara àmù ṣe máa ń tutù nítorí omi tó ń rìn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni táìlì ń mu omi díẹ̀ nígbà òjò, tó sì ń tú u sílẹ̀ fún atẹ́gùn nígbà tí oòrùn bá yọ. Ohun tó ń gbani ni dídà òrùlé àti bí táìlì ṣe gun ara wọn: omi tó bọ́ sórí èyí tó wà lókè yóò sáré kọjá sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, títí yóò fi dé gọ́tà, kó tó ráyè rá wọlé. Bí ìjì bá ti díẹ̀ wọ abẹ́ táìlì, aṣọ abẹ́ òrùlé ni yóò gbà á, atẹ́gùn ni yóò sì gbẹ ẹ́. Ohunkóhun tó bá dá omi dúró lójú ọ̀nà, tàbí tó bá dí ọ̀nà atẹ́gùn lábẹ́ táìlì, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́, ì báà jẹ́ táìlì tó dára jù láyé ni a rà.

Agbára amọ̀ tí a sun kò ṣàjèjì sí wa. Àpáàdì tí àwọn baba wa tò ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ láti fi tẹ́ ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti lé ní 500 ọdún nílẹ̀, ẹsẹ̀ àti òjò kò sì rí i gbé ṣe. Àmọ́ táìlì akọ́ra tí mo ń sọ níbí, èyí tí etí ọ̀kan ń kọ́ etí èkejì, ọ̀dọ̀ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Gilardoni ní Altkirch, ní Alsace, ló ti wá. 1841 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ Marseille gbà á mọ́ra, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó o kiri ayé. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere Basel Mission náà mú un lọ sí Íńdíà, níbi tí Georg Plebst ti dá ilé iṣẹ́ táìlì sílẹ̀ ní Mangalore ní 1865. Àwọn Basel Mission yìí kan náà ló gba iṣẹ́ ìwàásù ní Cameroon lọ́wọ́ àwọn Baptist ará Ìlú Ọba ní 1886. Ní Douala lónìí, tuile ni àwọn oníṣẹ́ ń pe táìlì òrùlé, tôle ni wọ́n ń pe páànù. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà kó di orúkọ méjèèjì mú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíka òrùlé àtijọ́. Kí ẹ tó ra táìlì kan ṣoṣo, ẹ gun òkè, ẹ fara balẹ̀ yọ ọ̀kan ní ibi tí kò hàn sójú títì, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹ ó rí èékánná méjì tó fi ń kọ́ igi, ẹ sì lè rí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn kan ní Marseille máa ń tẹ àwòrán bíi kòkòrò oyin sí i lẹ́yìn pẹ̀lú orúkọ wọn. Ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ wọn jíjìn ojú ọ̀nà omi tó wà létí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́jà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò. Amọ̀ máa ń súnkì nígbà tó bá ń gbẹ àti nígbà tí iná bá ń sun ún, bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń súnkì sì yàtọ̀ sí ti òmíràn. Táìlì méjì lè jọra lójú bí ìbejì, kí etí ọ̀kan má sì wọ etí èkejì. Bí ó bá fi mílímítà márùn-ún péré yàtọ̀ ní ìlà kan, tí ẹ bá fi máa to ogún ìlà láti etí òrùlé dé ṣóńṣó, ìyàtọ̀ náà ti di sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ìlà tuntun kò ní bá ti àtijọ́ dọ́gba mọ́, sìmẹ́ǹtì lásán ni wọn yóò sì fi dí àlàfo náà.

Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ rà, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ yọ táìlì àtijọ́ láti apá ẹ̀yìn ilé, níbi tí àlejò kì í rí, ẹ fi wọ́n bo iwájú àfikún tuntun, kí àtijọ́ lè kọ́ àtijọ́ ní ojú ìpàdé. Ẹ wá fi táìlì tuntun bo odindi apá ẹ̀yìn tí ẹ ti tú, láti ṣóńṣó dé etí, láìdà wọ́n pọ̀. Báyìí, irú táìlì méjì kò ní pàdé lójú kan náà. Ó gba iṣẹ́ jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí i. Ẹlòmíràn lè rí táìlì àlòkù lára ilé tí wọ́n ń wó. Èyí náà dára, bí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yíyẹ̀ wọ́n wò kò ṣòro, ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ ra ìkòkò rí ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìka gbá a. Èyí tí kò ní àléébù yóò dún gbọnrangandan bí agogo. Èyí tó ti sán, bí ojú kò tilẹ̀ rí ojú sísán náà, yóò dún pòó. Lẹ́yìn náà, ẹ mú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ láti inú ẹrù, ẹ wọ̀n wọ́n ní gbígbẹ, ẹ rì wọ́n sómi di ọjọ́ kejì, ẹ tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó bá mu omi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gan-an, iná kò jẹ ẹ́ dáadáa nínú ààrò. Ewéko tútù yóò hù sí i lórí kíákíá nínú ọ̀rinrin Douala, yóò sì máa ṣí ní ìpele ìpele. Tí ẹ bá ra tuntun, ẹ má tò ó láti orí ẹrù kan tán kí ẹ tó tú òmíràn. Ẹ máa mú díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹrù mẹ́ta ó kéré tán, kí àwọ̀ wọn lè pò mọ́ra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òrùlé yóò dà bí aṣọ tí wọ́n fi oríṣi mẹ́ta lẹ̀.

Ìwúwo ló kàn. Táìlì akọ́ra kan wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta. Mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń bo mítà kan níbùú lóròó. Ẹ ó rí i pé ó ń lọ sí kílò 40 sí 45 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ kò tó kílò méjì. Àfikún tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 40 níbùú lóròó yóò ru nǹkan bíi 1,700 kílò táìlì, láìka igi, láìka omi tí amọ̀ bá mu nígbà òjò. Nítorí náà, káfíńtà tó mọ páànù nìkan kò gbọ̀dọ̀ fi ojú páànù wo iṣẹ́ yìí. Ẹkẹ́ tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ máa ń fẹ́ ti ògiri síta ní ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní igi tó so ẹkẹ́ ọ̀tún mọ́ ti òsì, kí wọ́n lè di ara wọn mú. Mo mọ ilé kan tí wọ́n gbàgbé igi yìí. Láàárín ọdún méjì, ojú sísán ti gba orí ògiri lọ gbọọrọ, wọ́n sì rò pé ìpìlẹ̀ ló fà á.

Ní ti igi, inú mi máa ń dùn ní ọjà pákó Douala, nítorí àwọn igi tí a mọ̀ nílé ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Bilinga tí wọ́n ń tà ni ọ̀pẹ̀pẹ̀ wa. Fraké ni àfàrà. Ayous ni arère. Ìrókò kò tilẹ̀ yí orúkọ padà: orúkọ Yorùbá náà ni gbogbo ayé fi ń tà á. Ìmọ̀ yìí wúlò. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ̀ pé arère fúyẹ́, ó rọrùn láti lá, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ẹ̀wà. Kò yẹ kó wà lábẹ́ táìlì bí wọn kò bá ti fi oògùn sí i dé inú. Àfàrà náà kò lágbára sí ikán. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló tọ́ sí ẹkẹ́: ó le, ó ń pẹ́, ikán kì í tètè rí i jẹ. Igi mìíràn, azobé, le ju ìyẹn lọ, débi pé ìṣó máa ń tẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ lu ihò kí ìṣó tó wọlé. Igi yòówù kó jẹ́, kó gbẹ. Igi tútù tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ yóò lọ́ bó bá ṣe ń gbẹ, yóò sì gbé táìlì sókè pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìdagẹ̀rẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ àfikún ti kùnà kí wọ́n tó ti ìṣó kan bọ igi. Táìlì kọ̀ọ̀kan ní bí òrùlé rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dà tó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sì ń sọ ọ́. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú táìlì akọ́ra, láàárín ìwọ̀n 20 sí 30 digíríì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí òjò àti ìjì bá ti pọ̀ bíi ti Douala, èmi kò ní fọwọ́ sí ohun tó bá súnmọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ wá fi èyí wo àfikún tí wọ́n sábà máa ń kọ́. Etí òrùlé àtijọ́ ga ní mítà mẹ́ta sílẹ̀. Onílé fẹ́ yàrá tó jìn ní mítà mẹ́rin sí ẹ̀yìn, ó sì fẹ́ kí òrùlé máa bọ̀ láti etí ti àtijọ́. Bí ó bá dà ní 30 digíríì, yóò ti wálẹ̀ ní mítà 2.3 kó tó dé ògiri tuntun. Ògiri náà kò ní ga ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ, ajá ni yóò gba ibẹ̀ wọlé. Káfíńtà á wá sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹ díẹ̀." Wọ́n tẹ́ ẹ dé 10 digíríì, ògiri ga ní mítà 2.3, yàrá dára. Ṣùgbọ́n ní 10 digíríì, omi kì í sáré, rírọra rìn ló ń rìn, ìjì sì lè tì í padà gun abẹ́ táìlì. Òrùlé náà yóò jò ní oṣù Keje ọdún kìíní.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ni mo mọ̀. Ẹ lè yí àfikún náà padà, kí ó ní ṣóńṣó tirẹ̀ tó dojú kọ ẹ̀gbẹ́, tí òrùlé rẹ̀ yóò fi dà bí ti àtijọ́. Èyí lẹ́wà jù, àmọ́ ó máa bí kòtò omi ní ibi tí òrùlé méjèèjì ti pàdé, a ó sì dé ibẹ̀. Ẹ lè dín jíjìn yàrá kù. Ẹ sì lè gbà pé apá yẹn kò tọ́ sí táìlì, kí ẹ fi páànù tó nípọn tí wọ́n kùn láwọ̀ amọ̀ bò ó, kí orí rẹ̀ wọ abẹ́ ìlà táìlì tó kẹ́yìn. Àwọn kan ń wo ìkẹta yìí bí ẹ̀tẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Páànù tí kò jò sàn ju táìlì tí ń jò lọ, kò sì sí ìyàwó ilé tó ti ń gbé garawa sábẹ́ àjà rí tí yóò bá mi jiyàn.

Bí àfikún bá wà ní ẹ̀gbẹ́, tí òrùlé tuntun yóò máa bá ti àtijọ́ lọ ní ìlà kan náà, ẹ na okùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lórí òrùlé àtijọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ó rí i pé ó ti wọ̀ láàárín. Ogójì ọdún ẹrù kò ṣeé gbé láìtẹ̀. Òrùlé tuntun tí ẹ bá kàn ní títọ́ ganran yóò ga ju àtijọ́ lọ ní ibì kan, yóò rẹlẹ̀ ní ibòmíràn, táìlì tó wà ní ojú ìpàdé yóò sì máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti mú títọ́ tuntun bá wíwọ̀ àtijọ́ mu, láàárín ẹkẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ojú má lè rí ibi tó ti yí.

Lẹ́yìn èyí ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí táìlì ń kọ́, tí àwọn ará Douala ń pè ní liteau. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn parí lórí ẹkẹ́ kan náà ní ojú ìpàdé. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí sójú kan, ẹ ti ya òrùlé sí méjì níbẹ̀. Ẹ gé ti àtijọ́ padà, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, kí tuntun wọ inú rẹ̀ bí ìka ọwọ́ méjì tó wọnú ara wọn, kí igi kọ̀ọ̀kan sì fara lé ẹkẹ́ mẹ́ta ó kéré tán. Táìlì náà gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn bẹ́ẹ̀: ẹ yọ àwọn tó wà ní etí àtijọ́ títí dé ibi tó le, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ síí to tuntun láti inú wá. Láti mọ bí igi kan ṣe máa jìnnà sí èkejì, ẹ to táìlì méjìlá dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n kọ́ ara wọn. Ẹ fà wọ́n síta títí wọn kò fi lè lọ mọ́, ẹ wọ̀n láti èékánná ti ìkíní dé ti ìkọkànlá. Ẹ tún tì wọ́n wọlé pátápátá, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ tún pín in sí mẹ́wàá. Iye yẹn ni àlàfo yín. Ìdajì wákàtí ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Oníṣẹ́ tí kò bá ṣe é, ojú ló fi ń díwọ̀n.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ilé àtijọ́ ti jókòó tán, tuntun kò tíì jókòó. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun yóò ṣì wọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí òjò bá mú un. Ẹ jẹ́ kí ògiri wà fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó gbé táìlì lé e, kí ìpìlẹ̀ náà sì jìn bíi ti àtijọ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ilẹ̀ rọ̀, ẹ má fi táìlì wọnú ara wọn rárá. Ẹ fi òrùlé méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi gọ́tà páànù kan há sáàárín wọn lábẹ́ táìlì, kí ọ̀kan lè wọlẹ̀ láìfa èkejì ya.

Ibi tí òrùlé tuntun bá ti kan ògiri àtijọ́ ni mo ti rí ìwà tó ń bí mi nínú jù lọ: wọ́n á kó sìmẹ́ǹtì sí igun náà, wọ́n á fi ṣọ́bìrì kékeré dán an, wọ́n á sì gba owó wọn. Ògiri àti òrùlé kì í mì bákan náà. Oòrùn ń mú òrùlé tóbi, alẹ́ ń mú un súnkì, ògiri dúró. Láàárín oṣù mẹ́ta, sìmẹ́ǹtì náà ti sán gbọọrọ bí irun orí, omi sì ń gba ibẹ̀ tọ́ ògiri lọ. Páànù tí a tẹ̀ ló yẹ níbẹ̀, ti òjé, síǹkì tàbí alumíníọ̀mù, tí yóò gun ògiri ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n sì la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sára ògiri kí etí òkè rẹ̀ lè wọ ọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ tó ń dà lọ sísàlẹ̀, kí ó jẹ́ ní ègé ègé, ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan, bí àtẹ̀gùn, kí èyí tó wà lókè gun ti ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi tó ti ara bàbà wá kán sórí síǹkì, yóò jẹ ẹ́ lu. Ẹ má sì ri alumíníọ̀mù mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù.

Kòtò tó wà láàárín òrùlé méjì ni odò ilé yín. Ẹ ṣírò rẹ̀: mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Bí òrùlé mítà 60 bá ń da omi sínú kòtò náà, tí òjò líle sì ń rọ̀ ní ìwọ̀n 100 mílímítà ní wákàtí kan, lítà 6,000 ni yóò gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí yẹn, lítà 100 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Garawa ńlá márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan! Kòtò tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ kò lè gbà á. Kí ojú rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ó kéré tán, kí páànù rẹ̀ wọ abẹ́ táìlì jìnnà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n gé táìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ kó tọ́, kí wọ́n má sì fi sìmẹ́ǹtì dí i. Gọ́tà àtijọ́ tó ti ń gba omi ilé kan kò ní lè gba ti ilé kan àbọ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ fún àfikún ní ti tirẹ̀. Etí aṣọ abẹ́ òrùlé gbọ́dọ̀ wọ inú gọ́tà, kí omi má bàa dúró lẹ́yìn pákó etí òrùlé kó sì jẹ ẹ́ rà.

Ọ̀rọ̀ ìṣó kò gùn. Ẹ lo ti bàbà tàbí irin tí kì í dípẹtà, torí ọ̀rinrin odò Wouri kò dá ìṣó lásán sí. Ẹ kan gbogbo táìlì tó wà ní etí, ní ẹ̀gbẹ́ àti nítòsí ṣóńṣó, níbi tí ìjì ti ń fà jù. Kí orí ìṣó má fún táìlì pa. Ó nílò àyè díẹ̀ láti mí. Táìlì ṣóńṣó ni kí ẹ rì sómi kí ẹ tó fi àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì mú un, torí amọ̀ gbígbẹ yóò fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu, sìmẹ́ǹtì náà yóò sì di iyanrìn. Ẹ tún fi ìṣó tàbí wáyà dè é mọ́ igi.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni àkókò iṣẹ́ yìí ní Douala. Ìyẹn ni pé ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ṣáájú: òfin 2004/003 ti ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2004 ló ń darí ilé kíkọ́ ní ìlú ní Cameroon, àfikún sì nílò àṣẹ lọ́dọ̀ olórí ìjọba ìbílẹ̀. Kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má ṣí òrùlé àtijọ́ ju ibi tí ẹ lè bò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ń rìn lórí táìlì, kó fi ẹsẹ̀ lé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí igi wà lábẹ́, tàbí kó na àkàsọ̀ lé e. Àárín táìlì kì í gba èèyàn. Kí ó sì fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ibi tó le.

Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ gbé rọ́bà omi wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ da omi sí ibì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnìkan wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó gun òkè sí ibi tó kàn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò ṣàn dé ibi gbogbo, ẹ kò sì ní mọ ojú tó ń jò. Ẹ wo ojú ìpàdé ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú ọgbọ̀n táìlì tó ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn ilé, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n lè má sí mọ́ nígbà tí ẹ̀ka máńgòrò bá já lé òrùlé yín lórí.